Alùpùpù Tó Ń Gba Sàlámọ̀

Ọlọ́pàá kan ní Pasadena, lẹ́bàá Houston, ló kọ́kọ́ ká Àlàájì Ùsáínì mọ́ ibi tí wọ́n ti ń bá táǹkì epo sọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́bàá Spencer Highway. Alùpùpù wọn ti kú síbẹ̀, wọ́n ti ṣí ìdérí táǹkì, wọ́n sì tẹnu bọ ojú ihò. Ọlọ́pàá náà rọra súnmọ́ wọn.

"Bàbá, ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Epo ni. Mò ń kí i ni."

"Ṣé ó máa ń dáhùn?"

"Jẹ́ kí n parí ná." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, "Àsàlámù àlékùm," wọ́n dé ìdérí padà, wọ́n fẹsẹ̀ sítáàtì rẹ̀, ó sì dún gbùrùrù. Ọlọ́pàá wo Àlàájì, ó wo alùpùpù, ó ti ìwé ìtanràn bọ àpò. Ó ní òun ò rí àyè kankan nínú fọ́ọ̀mù náà tó bá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún mu.

Olóògbé Àlàájì Ùsáínì kò gbà pé òun dẹ́ṣẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ṣe mẹkáníìkì alùpùpù ní Ṣakí kí wọ́n tó dé Houston. Níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ṣíìfù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n má dán an wò kí o pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ kẹ́míkà. "Mẹkáníìkì ni mí," wọ́n á ní. "Kẹ́míkà kàn gbà mí lálejò fún ọdún mẹ́rìnlélógún ni."

Lójú tiwọn, àìsàn mẹ́ta péré ló ń ṣe ẹ̀rọ: ebi, àìrí èémí, àti àìríná. "Bí ebi bá ń pa á, wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí kò bá lè mí, wo imú rẹ̀. Bí kò bá ríná, tú pulọ́ọ̀gì." Bí ẹnì kan bá bi wọ́n bóyá àìsàn kẹrin wà, wọ́n á ní, "Ó wà. Ẹni tó ni ín."

Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò Dókítà Hameed kú sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Àlàájì ní kí dókítà yá àwọn ní ohun tó fi ń gbọ́ ìró ọkàn aláìsàn. Wọ́n fi há etí, wọ́n gbé e lé orí ẹ̀rọ, wọ́n sì dijú. "Ó ní òun ò tíì jẹun láti àná," ni wọ́n wí. Dókítà wo gééjì epo, ó ti balẹ̀ pátápátá. Ó ní òun ò tíì rí aláìsàn tó mọ ara rẹ̀ ṣàlàyé tó báyẹn.

Alùpùpù tiwọn yìí, tòkunbọ̀ ni, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó rà á. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé wọn ní Third Ward ni pé wọ́n wé e ní náílọ́ọ̀nù. Bí ilé Àlàájì ṣe rí nìyẹn. Rìmóòtù wà nínú náílọ́ọ̀nù, aago ògiri wà nínú náílọ́ọ̀nù, àga pálọ̀ náà wà nínú tirẹ̀. Àlejò tó bá jókòó sórí rẹ̀ nígbà ooru Houston, bíbó là ń bó o kúrò bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Wọ́n wé táǹkì, wọ́n wé ìdérí táǹkì lọ́tọ̀, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù dì í pinpin.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti dé. Alùpùpù á lọ dáadáa fún máìlì méje, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsúkè, agbára rẹ̀ á relẹ̀, á sì kú. Àlàájì pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Wọ́n fọ kabúrẹ́tọ̀. Wọ́n da epo nù, wọ́n ra òmíràn. Máìlì méje, ó tún kú. Ọjọ́ kan ni wọ́n ṣí ìdérí láti wò ó bóyá epo ṣì wà, ẹnu sì ti mọ́ wọn lára, wọ́n ní, "Àsàlámù àlékùm," bí ẹni ń wọlé onílé. Ó jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ìwádìí ṣe parí nìyẹn: Mùsùlùmí ni alùpùpù náà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i.

Bíyìí, ẹnjiníà ilé ìfọpo tó ń gbé ilé kejì, fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kò sì tíì pé ogójì ọdún. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún àgbà pé irọ́ ni?

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ṣí i lẹ́ẹ̀kan láì kí i."

"Kí n ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí n má kí i? Bíyìí, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Bíyìí bẹ̀bẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n lóṣù Ramadan, alùpùpù kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ freeway, níwájú tírélà. Ìyàwó Àlàájì, Àlàájà Hàwáù, gbọ́. Wọn ò pariwo. "Bàbá Nusaiba, ilé ọmọ yín la ti máa ṣínu ní Sátidé, ní La Porte. Ẹ gun alùpùpù yín, èmi á wà nínú mọ́tò lẹ́yìn yín. Tó bá kú lẹ́ẹ̀kan, tàbí tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀kan, Adnan ló ni ín." Adnan ni ará mọ́ṣáláṣí wọn tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ tà ní wẹ́wẹ́.

Àlàájì mí kanlẹ̀. "Ìyá Nusaiba, o fẹ́ kí wọ́n pa á bí ẹran iléyá."

"Ẹ̀mí yín ni mi ò fẹ́ kó bọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Àlàájì wà ní mọ́ṣáláṣí, Àlàájà lọ bá Bíyìí. "Kí ló ń ṣe nǹkan yìí gan-an?"

"Mà, àìsàn kẹrin ni."

"Ẹni tó ni ín?"

"Ẹni tó ni ín. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí táǹkì tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Náílọ́ọ̀nù ti dí i. Ṣé ẹ rántí agolo mílíìkì? Ihò kan kì í tó o. Tí a ò bá lu ìkejì, mílíìkì ò ní dà. Gbogbo ìgbà tí Àlàájì bá ṣí ìdérí láti kí i, atẹ́gùn ló ń wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má sọ pé èmi ni mo wí."

"Ta ló fẹ́ sọ? Ogójì ọdún ni mo ti wà nílé wọn. Mo mọ ohun tí a kì í sọ."

Ní Sátidé, Bíyìí jókòó ti Àlàájà nínú mọ́tò. Máìlì mẹ́fà. Máìlì méje, Àlàájà di bẹ́líìtì ìjókòó wọn mú. Mẹ́jọ. Mẹ́wàá. Bí wọ́n ti ń gba Pasadena kọjá, Àlàájì ń juwọ́ sí àwọn ilé ìfọpo bí gómìnà. Wọ́n dé La Porte, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn wọ̀.

"Àlàájì, ẹ ò kí i lọ́nà rárá," ni Bíyìí wí.

Àlàájì mú dàbínù kan dání de àsìkò ìṣínu. "Arìnrìn-àjò máa ń pa ìrun pọ̀. Èmi náà pa sàlámọ̀ pọ̀ nílé."

Ọdún mẹ́fà ni alùpùpù náà fi rìn lẹ́yìn ìyẹn, kò kú lọ́nà mọ́. Àràárọ̀ ni Àlàájì ń ṣí ìdérí rẹ̀, tí wọ́n ń kí i. Àwọn fúnra wọn ló sùn lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọn ò sì jí.

Lọ́jọ́ fìdáù, Bíyìí bá Àlàájà ní ẹ̀yìn ilé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mà, ṣé ẹ sọ fún wọn nígbẹ̀yìn?"

Àlàájà rẹ́rìn-ín, wọ́n mú un lọ síbi alùpùpù, wọ́n sì fi ìdérí táǹkì hàn án. Ihò méjì ló wà lára náílọ́ọ̀nù náà. Ọ̀kan tín-ín-rín, ti abẹ́rẹ́. Èkejì fẹ̀ díẹ̀, ó sì yípo dáadáa.

"Nígbà tí mo mú abẹ́rẹ́ dé ibí láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ yẹn, mo bá ihò ìṣó níbẹ̀."

"Wọ́n ti mọ̀?"

"Mẹkáníìkì ni wọ́n."

"Kí wá ló dé tí ẹ tún lu tiyín?"

Àlàájà fi àtàǹpàkò nu eruku orí náílọ́ọ̀nù. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ihò kan kì í tó mílíìkì?"

Àlàájà padà sínú ilé lọ bá àwọn àlejò. Bíyìí nìkan ló kù. Ó dúró díẹ̀, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Àsàlámù àlékùm."