Òyìnbó Tó Ya Agolo Kẹrosíìnì

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kẹrosíìnì ẹnì kan dà sí mi láṣọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ládílákì. Ọmọkùnrin tó ni kẹ́ẹ̀gì ní, "Ẹ má bínú, mọ́mì, ẹnu rẹ̀ ló ń jò." Mo ní, "Tìẹ ni kò jò, tí o kò fi tètè sọ!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ti gbé mi padà sí ọgbà wa ní Bàrígà, níbi tí bàbá mi ti ń fi páànù rọ agolo àti àrọ.

Èmi ò kàwé kọjá práímárì mẹ́rin, ẹ má bi mí lọ́dún tó ṣẹlẹ̀. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà tí òyìnbó Ítálì kan ń wá sọ́dọ̀ wa láti Palmgrove. Ó gùn bí ọ̀pá ìjábẹ́pẹ, pẹ́ńsùlù ò sì kúrò létí rẹ̀. Ilé ló kọ́kọ́ ń yà lórí bébà fún àwọn bíríkìlà nílùú wọn. Nígbà tó yá, ó di àga, ó di àtùpà, ó di ṣíbí. Ó kó àwòrán gbogbo rẹ̀ wá fi hàn wá. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ọ̀gá, lẹ́yìn ilé gogoro, ṣíbí lẹ wá ń yà? Ṣé ọjà ò tà ni?"

Ó fi Yorùbá tí kò jinná dáhùn: "Ẹni gbé inú ilé, kò ní jẹun?"

Bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ kan wá ní kó ya agolo tí èèyàn lè fi máa da kẹrosíìnì sí sítóòfù. Ó gbé àwòrán náà fún bàbá mi pé kí wọ́n rọ àpẹẹrẹ, kí wọ́n má yí ohunkóhun padà. Bí ilé iṣẹ́ bá gbà á, bàbá mi ni yóò máa rọ ọ́ fún wọn, àwa méje yóò sì kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo.

Nígbà tí bàbá mi rọ ọ́ tán, agolo náà lẹ́wà bí ọrùn lékèélékèé. Ìyá mi bu omi sínú rẹ̀, wọ́n dà á wò. Omi ṣẹ́rí padà sábẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ń kán, tó, tó, tó.

"Bàbá Ìyábọ̀, agolo yín ń da itọ́."

Bàbá mi jókòó tì í títí oúnjẹ wọn fi tutù. Wọ́n gé ẹnu rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta bí ètè ọmọ tó fẹ́ sunkún. Ìyá mi káwọ́ lérí: "Wọ́n ní kẹ́ ẹ má yí i padà! Ilé tí a fẹ́ kó lọ ńkọ́?"

Bàbá mi ní, "Ẹni tó ra kẹrosíìnì ò rà á fún ilẹ̀."

Nígbà tí òyìnbó dé, tó rí ẹnu tí wọ́n gé, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì. Ó da omi, ó fi ìka nu abẹ́ ẹnu agolo. Gbígbẹ ni. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún páànù, ó pa ẹnu tó yà sórí bébà rẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, mú ọwọ́ mi." Bàbá mi, tí kò di pẹ́ńsùlù mú rí, ló ń darí ọwọ́ ẹni tó ya ilé gogoro.

Ilé iṣẹ́ náà gbà á. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ ló sì ṣe é, kì í ṣe bàbá mi. Òyìnbó fi ìtìjú wá sọ fún wa. Bàbá mi bi í pé, "Ṣé ẹnu tá a jọ yà ni wọ́n lò?" Ó ní ẹnu yẹn náà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká gbé àga fún un.

Páànù ti lọ. Rọ́bà lèmi náà ń tà ní Ṣómólú báyìí, mo sì ti ta irú agolo yẹn fún àìmọye èèyàn tí kò gbọ́ orúkọ bàbá mi rí. Ìyá mi ò dárí ji agolo náà títí wọ́n fi kú, nítorí inú yàrá yẹn náà ni wọ́n kú sí. Bàbá mi ò yéé fi í yangàn. Èmi ọmọ wọn, mi ò tíì mọ ẹni tí mo máa gbè lẹ́yìn.