Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Sin Alángbá

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ fún ọmọ mi mu?"

Ìyá ọmọ náà kò pariwo. Ó dúró sẹ́nu géètì iléèwé wa ní Festac láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó di ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ́wọ́ mú, ó sì bi mí ní ìbéèrè yẹn bí ẹni ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí mo na ọwọ́ sí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn láti kí wọn, tí àwọn ìyá wọn fà wọ́n sẹ́yìn, ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ọmọ náà ló dáhùn. "Mọ́mì, ṣebí mo ti sọ fún yín. A sin òkú, a sì mu ẹ̀jẹ̀." Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Obìnrin tó ni iléèwé náà kéré sí mi dáadáa. Festac ni wọ́n bí i sí, a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló máa ń pè mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló ní kí n wá máa bá òun tọ́jú ọmọ. Ó ti lọ sí Fínláǹdì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré níbẹ̀. Bó ṣe dé, ó kó àwọn tábìlì jáde nínú kíláàsì. Ó da iyanrìn sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọpọ́n omi síbẹ̀, ó kó pákó àti ìkòkò àlòkù jọ. Ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, eré ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ má dá wọn dúró. Ẹ má sọ bí wọ́n á ṣe ṣe é. Ẹ jókòó, kí ẹ máa wò."

Ó ṣòro fún mi. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ èmi ní ABD. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọmọ kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ la ẹnu níbi tó ti ń ta iyanrìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìrẹsì ni. Má dà á nù, má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gba ọ̀nà náà gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, wọ́n rí òkú alángbá lábẹ́ táǹkì omi. Ọmọbìnrin yìí ní kí àwọn sin ín. Wọ́n fi ọ̀kan ṣe pásítọ̀, wọ́n fi ọ̀kan ṣe opó, àwọn tó kù ń sunkún. Pásítọ̀ kọ́kọ́ lé ẹ̀mí èṣù jáde lára alángbá, kó tó wá sin ín. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yìí tọrọ sóbò pupa tó kù níbi oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ó bù ú sínú ìdérí ìgò, ó ń pín in kiri, ó fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn bí àwọn díákónì ṣe máa ń ṣe níbi Oúnjẹ Olúwa. "Ẹ gbà, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ mu ún kó lè jíǹde." Èmi náà mu tèmi.

Ẹni tó ni iléèwé wà lójú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Ẹ̀kọ́ gan-an nìyẹn."

Nítorí náà, nígbà tó jáde sẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó máa ṣàlàyé. Ó wo àwọn ìyá náà, wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ó wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí fún wọn. "Mi ò sí níbẹ̀. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, mi ò ní gbà. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ò ti balẹ̀ sí ìyá yìí."

Ìyá yìí. Mo yíjú wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹlòmíràn ló ń sọ.

"Ọkọ ẹ̀ náà ńkọ́?" ni ìyá kan wí. "Ṣé alángbá náà ló pa á?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìyá ọmọbìnrin náà ti pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì fi í sí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọkùnrin náà ló ń darí àwọn awakọ̀ táńkà epo kan ní Satellite Town. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má jẹ́ kó lọ. Èmi àtàwọn bọ̀ìsì mi ń bọ̀. Bẹntiróòlù ò wọ́n wa níbí."

Kò sí ẹni tó ń gbé Èkó tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́: táyà lọ́rùn, iná lára. Mo ní mo fẹ́ lọ gbé báàgì mi. Mi ò gbé e. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo gbà jáde, mi ò sì sáré, torí ẹni tó bá ń sáré ni wọ́n máa ń lé.

Ilé àbúrò mi ní Raji Rasaki Estate ni mo sá sí. Mo wà nínú yàrá níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé, màá lọ sí ilé ìwẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi gbọ́ pé àwọn ọkùnrin kan ń béèrè mi kiri ní Apple Junction. Ó tún gbọ́ pé ẹni tó ni iléèwé dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run tú àṣírí ọ̀tá tó bá òun jẹun nínú àwo kan náà. Ìjọ ní àmín. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù lọ. Ọkùnrin yẹn kò mọ̀ mí rí.

Ìyá ọkùnrin táńkà náà ló gbà mí sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n ti mú ọmọbìnrin náà kúrò níléèwé, ó wá di pé òun àti ìyá àgbà ni wọ́n jọ máa ń wà nílé. Lọ́jọ́ kan ó pa aáyán, ó sin ín sínú ìkòkò òdòdó, ó sì gbé ìdérí ìgò wá fún ìyá àgbà. Ó ti po ọ̀dà pupa tí ìyá rẹ̀ fi ń kun ètè mọ́ omi.

"Grandma, ẹ gbà, ẹ̀jẹ̀ ni."

Mọ́mì àgbà kò pariwo. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Pásítọ̀ wa ni. Ní Sunday tí wọ́n máa ń pín in, tí ẹ kì í fún mi."

"Àǹtí iléèwé ńkọ́?"

"Àǹtí kàn ń wò wá ni. Mádáàmù náà ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín."

Mọ́mì àgbà fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹni tó ni iléèwé, tó béèrè kiri títí tó fi wá ilé àbúrò mi kàn. Ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Ọkùnrin gìrìpá ni, ó jókòó sí etí àga, kò wo ojú mi.

"Sọ ohun tó o wá sọ," ni ìyá rẹ̀ wí fún un.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn yín mọ́."

Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó jọ̀ọ́, kó pe àwọn bọ̀ìsì rẹ̀ níṣojú mi. Ìyá rẹ̀ mi orí sí i pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pè wọ́n. "Ìyá iléèwé yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn." Ẹnìkan ní òdìkejì ní, "Ọ̀gá, a ti gbọ́."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, Mọ́mì àgbà jíṣẹ́ ẹni tó ni iléèwé fún mi: "Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi. Ààyè wọn ṣì ṣófo." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò rán an níṣẹ́ padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo dá nìkan rìn lọ sí Apple Junction. Mo ra búrẹ́dì. Obìnrin tó tà á fún mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ya á níbi tí mo dúró sí, nínú oòrùn, láàárín àwọn èèyàn, mo sì jẹ ẹ́.