Olú Keje Lára Aṣọ Funfun

Òórùn ilẹ̀ Ìjù-Odò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ kò jọ òórùn ibòmíràn tí mo ti gbé. Bí òjò bá ti dá, tí oòrùn sì yọ díẹ̀, ooru tín-ín-rín a máa rú láti inú ewé kòkó tó ti jẹrà, òórùn olú a sì bá a jáde. Ó dà bí òórùn igi tútù, ó tún dà bí òórùn gbágùúdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sómi. Ìwọ tí a jọ dàgbà ní àgbègbè yìí, mo mọ̀ pé mi ò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Òórùn yẹn ló gba gbogbo oko kan ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n imú mi nìkan ló gbọ́ ọ. Kò wọnú mi rárá.

Ìyàwó mi kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú ni ìjọba ti gbé e wá sí Òkìtìpupa láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà, mò ń kọ́ni nípa ewéko àti ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọdún tí a ṣègbéyàwó ni ìyá mi mú un lọ sóko lẹ́yìn òjò. Ó bá wọn ká olú délé, àmọ́ dípò kó ṣan án, ó gbé ọ̀kan sórí àwo, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ àti òwú yà á sára aṣọ funfun kan.

Ìyá mi ní, “Ìyàwó, ìkòkò ti wà lórí iná o.”

Ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ojú jẹ ẹ́ ná.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibì kan jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún dé ọdún, olú kò kúrò lára aṣọ nílé wa: lára ìrọ̀rí, lára aṣọ ojú fèrèsé, ní etí gèlè. Kì í lo òwú tuntun fún un. Ara aṣọ àtijọ́ ló ti máa ń tú òwú, nítorí ó ní òwú tuntun ń dán jù, olú kì í sì í dán. Bí mo bá fẹ́ fi ìmọ̀ mi hàn, tí mo ń sọ orúkọ gígùn tí àwọn onímọ̀ ń pe olú, tí mo ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ewéko, kì í sì í ṣe ẹranko, ìyàwó mi a máa gbọ́wọ́ sókè. “Tísà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ mú un wá kí n wò ó. Ohun tí ojú mi ò bá rí, abẹ́rẹ́ mi ò mọ̀ ọ́n.”

Èyí tó ṣe kẹ́yìn ni aṣọ funfun ńlá kan tí wọn yóò máa tẹ́ sórí tábìlì iwájú ìjọ. Olú méje ló fẹ́ kó wà lára rẹ̀. Ó ti rán mẹ́fà: olú ọ̀pẹ wà níbẹ̀, èyí tó dà bí etí eku lórí igi jíjẹrà náà wà níbẹ̀. Ti keje ni olú ńlá tó máa ń hù nídìí òkìtì ọ̀gán, tí kì í yọ àfi lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ó fi lẹ́ẹ̀dì fa àmì róbótó kan síbi tí yóò wà, ó sì ń dúró de òjò. Àìsàn kò jẹ́ kó rí òjò náà. Lórí ibùsùn, ó sọ fún ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́, pé kò gbọdọ̀ tẹ́ aṣọ náà láìparí, kò sì gbọdọ̀ rán ohun tí kò rí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ náà ṣèlérí pé ọjọ́ tí a bá ń ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀, aṣọ náà yóò wà lórí tábìlì.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò sunkún. Àwọn tó wá kí mi ń sọ pé mo gbìyànjú. Kì í ṣe ìgbìyànjú. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí ẹsẹ̀ náà fi kú: o rí i, tìrẹ ni, ṣùgbọ́n o fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mò ń jẹun. Mò ń fá irùngbọ̀n mi. Mò ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi.

Òjò pẹ́ ní ọdún yẹn. Ọjọ́ Àìkú ni ìrántí náà, Ọjọ́bọ̀ ni òjò tó rọ̀. Ní àárọ̀ Ẹtì mo lọ sí oko ìyá mi àtijọ́, mo sì bá ẹyọ kan péré nídìí ọ̀gán pupa tó wà lẹ́yìn àwọn igi kòkó. O mọ̀ pé àwa níbí kì í hú irú olú bẹ́ẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. A máa ń dì í mú nídìí, a ó yí i díẹ̀, a ó sì dá a níbi tó ti yọ látinú ilẹ̀, kí ti ọdún tó ń bọ̀ lè rí ọ̀nà gbà jáde. Mo dá a. Ó ró pọ́. Mo wé e sínú ewé gbòdògì, mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, mo sì lọ jókòó. Ọmọ mi ti gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa láti wá aṣọ àtijọ́ tí yóò tú òwú lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Ode-Irele nítorí ìrántí náà, wọ́n gbé púpurú tí a fi gbágùúdá ṣe àti ẹja gbígbẹ dání. Mo kí wọn káàbọ̀. Mi ò sọ nǹkan kan nípa olú. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n dáná, nígbà tó yá wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi.

“Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?”

Mo ní, “Ó tó.” Mo jẹ ẹ́ tán. Ká sọ òtítọ́, mi ò mọ ohun tí mo jẹ.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi bá wa. “Dádì, wọ́n ní ẹ gbé nǹkan bọ̀ látoko nínú ewé. Ṣé ẹ rí i?”

Mo ní, “Ó wà lórí tábìlì.”

Ó wọlé, ó jáde. “Ewé nìkan ni mo bá.”

“Olú yẹn?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ìwọ ọmọ yìí, o pẹ́ jù. Bàbá rẹ ti jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n mo fi omi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.”

Ọmọ mi wo àwo, ó wò mí, ó sì rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, “Màmá, mo fẹ́ wò ó ni.”

“Ta ní í wo olú? Bí olú bá ti wọ ilé ìdáná, ìkòkò ló ń lọ!” Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣàlàyé fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ lérí. Wọ́n yíjú sí mi. “Alákọ̀wé, ẹnu tó dáhùn iyọ̀, ṣé kò lè sọ̀rọ̀ olú ni?”

Ọmọ mi gbé aṣọ náà jáde, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́. “Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Ẹ̀yin lẹ rí i.” Mo bẹ̀rẹ̀: orí rẹ̀ fẹ̀, abẹ́ rẹ̀ là wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín. Ó mi orí. “Dádì, ìwé lẹ̀ ń kà fún mi yẹn. Àwọ̀ wo ni góńgó orí rẹ̀? Ṣé etí rẹ̀ ya?” Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé e láti oko délé, mi ò wò ó. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń gbé nǹkan kiri báyẹn.

Ní ọjọ́ kejì àwa mẹ́ta lọ wá òmíràn, ọmọ mi gbé aṣọ náà àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. A wá a títí, a ò rí i. Ìdí ọ̀gán náà la padà sí. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, kùkùté funfun tó kù wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ pupa yí i ká. Ìyẹn ni mo rántí. Ọwọ́ mi rántí ìró rẹ̀. Mo ní, “Ibí ni mo ti dá a.” Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì tẹ́ aṣọ sórí itan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ihò? Ẹ fẹ́ tẹ́ ihò sórí tábìlì ìjọ?”

“Màmá mi ní kí n má rán ohun tí mi ò rí. Èyí ni mo rí.”

Òjò winiwini bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí agbòjò, wọ́n dúró tì í, wọ́n dà á bò ó títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n. Nígbà tó kan ilẹ̀ pupa náà, kò sí irú àwọ̀ yẹn nínú òwú tí ọmọ mi kó wá. Ẹ̀gbọ́n mi wo etí ìró tí wọ́n ró mọ́dìí, wọ́n fa òwú pupa kan yọ níbẹ̀, wọ́n nà án sí i.

Ní Ọjọ́ Àìkú, aṣọ náà wà lórí tábìlì, olú mẹ́fà àti ihò kan. Ìyá ìjọ kan tẹ̀ wò ó, ó ní kí ni èyí. Kí èmi tàbí ọmọ mi tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ibi tí ọ̀kan ti kúrò ni.” Mi ò sunkún níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí wọ́n bu ọbẹ̀ mìíràn fún mi, mo bu òkèlè kan, mo sì gbé ọwọ́ dúró.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, iyọ̀ ọbẹ̀ yìí kò tó.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ mi, wọ́n sì dìde lọ bu iyọ̀ wá.

Nítorí pé mi ò hú u tigbòǹgbò, olú náà tún yọ níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó títí eékún fi ń dùn mí, mo wá pe ọmọ mi lórí fóònù. Mo ní góńgó orí rẹ̀ dúdú bí eérú tí omi kán sí, etí rẹ̀ sì ya níbi mẹ́ta. Mo bi í bóyá kí n gbé e wá, kó tú ihò yẹn, kó rán olú síbẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, àti èyí tó wà lára aṣọ, àti èyí tó wà nínú oko.

Mo fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé omijé ni a fi ń mọ̀ pé nǹkan ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn mìíràn. Ní tèmi, mi ò tí ì sunkún títí dòní. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá gbé dání báyìí, mo máa ń wò ó.