Ẹ̀jẹ̀ Inú Àwo

Nígbà tí mo wá ṣọdún Iléyá ní Ìsẹ́yìn, mo sọ fún bàbá mi pé a ní èròjà kan ní yunifásítì tí mo ti ń ṣe ìwádìí, tí wọ́n fi kòkòrò àìfojúrí ṣe, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i nínú àwo àyẹ̀wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé a kò tíì fún ènìyàn kankan. Bàbá mi ròyìn rẹ̀ nídìí òfì tó ti ń hun aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá kan ládùúgbò gbé ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ wá bá wa níbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún mi.

“Dókítà, ẹ bu díẹ̀ fún wa.”

“Ìyá, ẹ dìde. Inú àwo nìkan la ti ń lò ó.”

“Ṣé àwo wá sàn ju ọmọ mi lọ ni?”

Ojú tì mí. Bàbá mi kò wò mí. Ó gbé ọmọ náà, ó ní kí n lọ dá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí ọsibítù dúró.