Ẹni Tó Ya Ọwọ́ Màmá Dókítà

Ọkùnrin ayàwòrán ará Ìlú Ọba tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Houston ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ n kò ní pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀wọ̀ a máa bọ̀wọ̀ fúnni.

Inú ìdílé ayàwòrán ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ń ya ẹṣin fún àwọn ọlọ́lá, bàbá rẹ̀ ń ya àwọn adájọ́ àti bíṣọ́ọ̀bù, àbúrò bàbá rẹ̀ kan sì wà tí kò ya ohun mìíràn ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó ní kí òun tó mọ̀wé kà ni òun ti ń lọ ọ̀dà fún bàbá òun, àti pé ọmọ tó bá ya igi tó jọ igi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún nílé wọn. Àwọn olówó epo rọ̀bì ló pè é wá sí Houston kí ó wá ya àwòrán wọn. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ya ojú èèyàn tán, wàá rò pé ẹni náà fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ojú nìkan ló mọ̀ ọ́n yà. Ọwọ́ a máa rọ lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí ẹ̀fọ́ àná. Èmi tí mo gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá, èmi ni mo ń bá a ya ọwọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bi í léèrè, ó ní, "Nílé wa, orúkọ ìdílé ló ń fọwọ́ sí àwòrán. Ẹni tó yà á kò ṣe pàtàkì."

Mo ní, "Nílé tiwa, bí èèyàn bá gbẹ́ òpó tó dára, àwọn ìyàwó ilé á fi kún oríkì rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ọwọ́ mìíràn yà.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí àwọn olówó yẹn kò pè é láti ya wọ́n mọ́, èmi náà ni mo wá oníbàárà fún un. Dókítà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ń gbé ní Spring, lẹ́bàá Houston. Ìyá rẹ̀ ti wá láti ilé wá bá wọn wẹ ọmọ tuntun, dókítà sì fẹ́ kí a ya Màmá kó tó padà. Màmá kọ̀ láti káwọ́ lásán.

"N kò ní jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọlọ́pàá," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa fún àlejò lómi."

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún na kọ́ọ̀pù síwájú, ó sì yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n apá òsì wọn ni ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń bọ́ sí, ayàwòrán sì ní kí n gbé kọ́ọ̀pù sí ọwọ́ òsì nínú àwòrán.

Mo ní, "Ọ̀gá, kò ṣeé ṣe. Èébú ni kéèyàn fi òsì fún àlejò ní nǹkan."

"Àwòrán ni, kì í ṣe àlejò. Bàbá mi kọ́ mi pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni ọwọ́ ń lọ."

Mo tún wí. Ó ní bí n kò bá lè yà á, kí n máa lọ sílé. Mo yà á. Kò sí ọwọ́ òsì tó dára tó o ní gbogbo Texas.

A ṣí aṣọ lójú àwòrán náà ní pálọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ìdajì ìjọ wà níbẹ̀. Màmá wo ojú ara wọn nínú àwòrán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú wọn bọ́ sára kọ́ọ̀pù.

"Ta ni mo ń fi òsì fún lómi yìí? Ọ̀tá mi ni àbí àna mi?"

"Màmá, àwòrán lásán ni," ni dókítà wí.

"Àwòrán lásán! Bí mo bá kú, tí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, kí ará ilé máa sọ pé Houston ni mo ti lọ kọ́ ìwàkiwà?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ayàwòrán. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó nàka sí mi lójú gbogbo wọn.

"Èmi kọ́ ni mo ya ọwọ́. Obìnrin yìí ló ń ya ọwọ́."

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń yin àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn, kò rántí mi. Ọjọ́ ẹ̀gàn ló rántí. Kí Ìsinmi mìíràn tó pé, "Ìyá Ọlọ́wọ́-òsì" ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin tí kò lè ya ìdérí ìkòkò ń fi mí rẹ́rìn-ín. Orúkọ iṣẹ́ mi nìkan ni mo gbé wá sí ìlú yẹn, òun ló sì bàjẹ́ yìí.

Mo lọ bá Màmá. N kò tọrọ àforíjì, nítorí n kò ṣẹ̀. Mo ní kí wọ́n yá mi ní àwòrán náà, kí wọ́n sì tún wá jókòó fún mi.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá tún ya òsì fún mi, òsì yẹn náà ni n ó fi gbá ọ létí."

Wọ́n jókòó ní kíṣìnì mi. Mo fi ọ̀bẹ ha ọwọ́ òsì kúrò, mo fi ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ọ̀tún wà. Mo tún gèlè wọn yà, nítorí ayàwòrán ti wé e bíi báńdéèjì. Màmá wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ mi nìyí. Kọ orúkọ rẹ sí i, kí èèyàn mọ ẹni tí yóò yìn."

Mo kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí ní kíkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ayàwòrán, n kò jẹ́ kó kéré sí tirẹ̀. Dókítà gbé e kọ́. Àwọn tó ń pè mí ní ọlọ́wọ́-òsì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyá tiwọn wá bá mi. Mo yà wọ́n, mo sì kọ orúkọ mi sí gbogbo wọn.

Dókítà ló pe ayàwòrán wá wò ó. N kò kí i. Ó wo ọwọ́, ó wo orúkọ mi, ó tún padà sórí ọwọ́. Èsì ti wà létè mi fún ohunkóhun tó bá fẹ́ wí. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí dára ju ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ," ló wí. "Òun ló ń ya gbogbo ọwọ́ fún bàbá wa títí tó fi kú. A kò jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹyọ kan."