Okùn Oògùn Tó Pọ́n Bíi Dòdò

Mùnírátù, ọmọ Gàrúbà ní Ìkirè, kì í bẹ̀rù ohun tó gbóná. Ìyá rẹ̀ ló ń din dòdò tà létí títì, dòdò Ìkirè tó pọ́n dúdú, tí àjèjì máa ń rò pé ó ti jóná kó tó fẹnu kàn án. Ilé iṣẹ́ oògùn kan lọ́nà Àpòmù ni iná ti kọ́kọ́ dẹ́rù bà á.

Nígbà tó gba iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi í sí dà bí èyí tí wọ́n fi ń lọ ata. Wọ́n á da ìyẹ̀fun oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí i, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ike kan tí àwọn tó kàwé ní kò lè pa inú lára. Iná á yọ́ wọn pọ̀, irin tó ń yí á tì wọ́n, wọ́n á sì jáde lẹ́nu ihò bí okùn sìpàgẹ́tì. Okùn yìí ni wọ́n ń gé sínú àgbá, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn ń jáde ní funfun. Àánú rẹ̀ ṣe Mùnírátù. Èyí kò tíì jinná! Ó fi kún iná. Okùn pọ́n. Ó tún fi kún un. Okùn pọ́n bíi dòdò ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Kamilah, tó ń gé okùn, fi imú fa òórùn náà. "Mùní, ṣé dòdò lo fẹ́ tà ni? Oògùn tó bá ti pọ́n ti kú nìyẹn o, kò lè wo ẹnikẹ́ni mọ́!"

Mùnírátù bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èyí tó pọ́n ti dà pọ̀ mọ́ funfun nínú àgbá.

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́," Kamilah rọra sọ. "Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ pọ̀, ta ni yóò mọ̀? Àbí o fẹ́ kí wọ́n lé ọ?"

Irú oògùn yìí ni Gàrúbà bàbá rẹ̀ ń lò. Bàbá tó ń bi lèmọ́ọ̀mù pàápàá ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n bá fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì, á gbé e mì láìbi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Othniel wọlé láti yí àgbá náà lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí wàhálà?"

Kamilah ń wo àjà bí ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀. Mùnírátù di àgbá náà mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Mo ti jẹ́ kó jóná. Mo rò pé kò tíì jinná ni."

"Kò tíì jinná?" Ọ̀gá, ọmọ Àpòmù, wo okùn náà títí. "Ẹ̀yin ará Ìkirè!" Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó de àgbá náà pa, ó lẹ ìwé pupa mọ́ ọn: dídànù ni. "Lọ dúró dè mí ní ọ́fíìsì."

Mùnírátù lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ́fíìsì. Ẹ̀rù méjì ló ti ń bà á. Ọ̀kan, ẹ̀rù ẹni tí ì bá gbé oògùn tó kú mì, ti wà nínú àgbá, wọ́n fẹ́ lọ dà á nù. Èkejì, ẹ̀rù kí wọ́n má lé e níṣẹ́, jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, àwọn méjèèjì sì ń retí ọ̀gá.