Ère Sójà Tí A Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọdún tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ gba Ajah kọjá lọ sí èbúté tuntun la jà lórí ère sójà tó wà ní ìkòríta wa, lẹ́nu ọ̀nà Addo. Ẹ̀yìn ogun Bìáfírà ni wọ́n gbé e síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú. Nígbà èwe wa, akọni ni wọ́n pè é fún wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ bi wá pé ta ló yìnbọn fún.

Èmi ni mo ṣáájú àwọn tó ní kí wọ́n hú u. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ikenna, tó ń ta táyà ní Addo, ló mú mi dìde. Ogun yẹn ló pa bàbá wọn, níhà Bìáfírà. Bí wọ́n bá dé iwájú ère náà láàárọ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ tí a wọ́de lọ síbẹ̀ láti hú u, a bá Ìyá Àdúrà, opó kan ládùúgbò wa, nídìí ère, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ọkọ wọn lọ sógun yẹn kan náà, wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún un.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Kí n kúrò nídìí ibojì ọkọ mi? Ṣé o ti hú ti bàbá tìẹ ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. A tú ká.

Lẹ́yìn ìpàdé lórí ìpàdé, a fẹnu kò pé ère á dúró, ìbọn á kúrò. Mo rò pé a ti ṣẹ́gun. Jórinjórin gé ìbọn, ọwọ́ méjèèjì wá nà síta lófìfo. Kọ̀ńdọ́ kan ń kọjá, ó ní, "Alájì, kò sí ṣéńjì o."

Ọ̀gá Ikenna wá bá mi. "Kọ́mréèdì, ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí lọkùnrin yìí ṣe. Mo ní ogun ló jà. Ó ní ìbọn ẹ̀ dà? Ẹ ti bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ nù."

Ìyá Àdúrà náà ní, "Ọkọ mi kì í ṣe alágbe."

Kí la jèrè? Ìjà rọlẹ̀. Kí la pàdánù? Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ la gé kúrò lára ère yẹn, àbí òtítọ́.

Láìpẹ́ yìí, àwọn méjèèjì jọ wá sílé mi. Wọ́n ní ká kọ nǹkan sábẹ́ ère.

"Kọ ọ́ pé ó kú," ni Ìyá Àdúrà wí.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó pa èèyàn," ni Ọ̀gá Ikenna wí.

Mo ní màá kọ méjèèjì. Ìyá Àdúrà wò mí títí.

"Èwo lo máa kọ ṣáájú?"

Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ìdáhùn yẹn ni gbèsè tó ṣì wà lọ́rùn mi.